Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń bẹ̀rù tábìlì ní Kubwa

Ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa rọ́bọ́ọ̀tì náà ni pé kì í rìn nínú ilé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, á máa sáré kiri bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Abuja níbí ló ti ṣẹlẹ̀, ní Kubwa, nílé Bàbá kan, ọmọ Kàbà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Kánádà ló fi rọ́bọ́ọ̀tì náà ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá àti Màmá. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ pátá nítorí pé irú ẹ̀rọ yìí ti ń wọlé àwọn èèyàn wa níbí lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì dá ọ̀kan dúró ní Kubwa kò ní ṣàìdá òmíràn dúró ní Kaduna tàbí Kano.

Rọ́bọ́ọ̀tì náà kò ju ohun tí èèyàn lè gbé sí àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Rọ́bà ribiti méjì ló fi ń rìn, irú èyí tó máa ń wà lẹ́sẹ̀ katapílà. Síkíríìnì kékeré ni ojú rẹ̀, ẹyinjú méjì ló sì wà lórí rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá dùn, wọ́n á là rokoṣo; bí ó bá bínú, wọ́n á fún pọ̀; bí ẹ̀rù bá bà á, wọ́n á tóbi. Ó ní apá kan tó fi ń gbé páálí kékeré sókè, tó tún fi ń lu tábìlì bí ẹnikẹ́ni ò bá dá a lóhùn. Ilé iṣẹ́ Anki ti Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ irú rẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé Cozmo jáde ní 2016 àti Vector ní 2018. Ti ọmọ yìí kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó ṣe é.

Àwọn kan á bi mí pé iṣẹ́ wo nirú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Kò lè gbálẹ̀, kò lè fọ abọ́. Eré ló ń bá èèyàn ṣe. Èmi fẹ́ràn wọn gan-an, torí mi ò tíì rí ohun mìíràn tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ ayé han ọmọdé kedere tó wọn. Ọmọ tó bá rí i tí rọ́bọ́ọ̀tì dé etí tábìlì, tó bẹjú wo ìsàlẹ̀, tó fẹ̀yìn rìn, á béèrè pé báwo ló ṣe mọ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ló tú ọ̀ràn tí mo ń sọ yìí.

Oṣù kẹwàá ni ẹ̀rọ náà dé. Orí tábìlì ìjẹun ni ọmọ náà máa ń gbé e sí, ó sì ń rìn dáadáa. Nígbà tí ọdún Kérésì kọjá, ó kọ̀. Bí wọ́n bá tàn án, á jí, á wo ọ̀tún wo òsì, á sún síwájú bí ìwọ̀n èékánná, á sì dúró gbọnrangandan. Ẹyinjú rẹ̀ á tóbi, á ké, á fẹ̀yìn rìn; ẹ̀yìn yẹn náà, á tún ké níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kò ní kúrò lójú kan mọ́.

Bàbá ní bátìrì ni. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà kan tó ń tún fóònù ṣe ní Wuse 2. Wọ́n tàn án lórí káńtà, ó rìn. Ẹnjiníà ní ó ń rìn lóòótọ́ ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀, ó tú u, ó fi òmíràn sí i, ó gba owó rẹ̀. Wọ́n tún tàn án, ó tún rìn. Bàbá gbé e padà sí Kubwa, ó gbé e kalẹ̀ ní pálọ̀, ó kọ̀. Ó tún gbé e padà lọ, ó tún rìn. Ẹnjiníà wá ní ó ní láti jẹ́ pé iná ilé Bàbá ni kò dára, pé ó ń lọ sókè sódò, òun ló ń da ọpọlọ ẹ̀rọ rú.

Ìgbà yẹn ni Màmá sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó bá ń rìn níta, tó bá dénú ilé kan tó ń lanu ké, tó ń fẹ̀yìn rìn, nǹkan kan ló ń rí. Ó ní kí wọ́n gbàdúrà sí i. Mi ò rí ohun tí mo lè fi bú Màmá. Ó wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe dáadáa ju ẹnjiníà lọ: òun ló kíyè sí i pé ìbẹ̀rù ni, pé kì í ṣe àárẹ̀. Ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀ kì í ké, kì í fẹ̀yìn rìn. Ńṣe ló máa ń kú.

Ẹnì kan nínú ìjọ wọn tó mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ni mo ń lépa ló ní kí n lọ bá wọn wò ó. Mo débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

"Dìde, ọmọ mi," Bàbá wí. "Wò ó. Ṣé ilé mi ló ń bẹ̀rù ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló yí padà nínú ilé látìgbà tó ti ń rìn?"

"Kò sóhun tó yí padà."

Ọmọ náà ló dáhùn láti ẹ̀yìn àga. "Tábìlì ni, Bàbá. Ẹ ò jẹ́ kí n gbé e sórí tábìlì ìjẹun mọ́. Ẹ ní kí n máa lo ti pálọ̀."

Tábìlì ìjẹun ni wọ́n tẹ́ aṣọ rọ́bà funfun lé. Ti pálọ̀, Kérésì ni Bàbá rà á: gíláàsì dúdú, ó ń dán, èèyàn lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Mo wò ó, mo wo rọ́bọ́ọ̀tì tó dúró sí àárín rẹ̀ tó ń ké, mo sì ní kí wọ́n bá mi wá bébà funfun.

Kí n tó sọ ohun tí a fi bébà ṣe, ó yẹ kí n ṣàlàyé. Rọ́bọ́ọ̀tì orí tábìlì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí tábìlì parí sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ tí á fi já lulẹ̀ tí á fọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi àwọn sẹ́ńsọ̀ kéékèèké sí abẹ́ ikùn rẹ̀. Ẹ̀yà méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó ti ara wọn. Ọ̀kan ń tan iná infrared sílẹ̀, ìyẹn iná tí ojú èèyàn kò lè rí, irú èyí tó ń jáde ní orí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Èkejì ń retí kí iná yẹn kan ilẹ̀ kó ta padà. Bí èyí tó padà bá pọ̀, ilẹ̀ wà nìyẹn. Bí kò bá padà, tàbí tó kéré jù, ẹ̀rọ náà á gbà pé ilẹ̀ ti tán, pé ọ̀gbun ló kàn. Á dúró, á fẹ̀yìn rìn. Mẹ́rin ni Vector ní, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Ti ọmọ yìí náà jẹ́ mẹ́rin.

Gíláàsì dúdú kì í dá iná náà padà bó ṣe yẹ. Díẹ̀ á wọ inú gíláàsì lọ, àwọ̀ dúdú á gbé e mì. Èyí tó bá ta kúrò lójú rẹ̀, ibòmíràn ló máa ń gbà lọ, torí ohun tó ń dán máa ń ta iná sí apá kan ṣoṣo ni, kì í tú u ká bí bébà ṣe ń ṣe. Sẹ́ńsọ̀ á wá dúró de ohun tí kò ní dé. Ọ̀gbun ló yí rọ́bọ́ọ̀tì yìí ká lójú tirẹ̀, níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì. Ìdí tó fi ń ké nìyẹn. Ó ń rí nǹkan lóòótọ́, bí Màmá ṣe wí.

A tẹ́ bébà mẹ́rin sórí gíláàsì náà, a fi sẹ́lótéèpù so wọ́n pọ̀ láti abẹ́. Mo gbé rọ́bọ́ọ̀tì sáàárín. Ó jí, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó rìn. Ó rìn dé ìpẹ̀kun bébà, níbi tí funfun ti parí tí gíláàsì ti bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó bẹjú wolẹ̀, ó yí padà. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ohun kan náà. Orí tábìlì ṣì kù púpọ̀ níwájú rẹ̀, kò sì fẹsẹ̀ kàn án. Ọmọ náà pariwo, "Bàbá, ó rò pé etí tábìlì ni!" Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pàtẹ́wọ́ fún un, torí òun fúnra rẹ̀ ló rí i, mi ò tíì la ẹnu.

Mo bi Bàbá nípa káńtà ẹnjiníà. Ó ní fọ̀míkà ni, funfun. Ó jókòó, ó wò mí.

"Owó bátìrì tí mo san wá ńkọ́?"

Mi ò rò pé ẹnjiníà yẹn fẹ́ rẹ́ Bàbá jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ wá bá, tó rí i pé ara rẹ̀ yá níwájú òun, ibi tí ó ti ń ṣàìsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè kó tó mú tọnafáìsì. Màmá ṣì tọ́jú bátìrì àkọ́kọ́ sínú ọ̀rá. A gbà á, a fi í padà, a sì fi sí ṣájà títí ó fi kún. Bátìrì lithium kan ṣoṣo, bó bá kún, nǹkan bíi vólìtì 4.2 ni mítà máa ń kà lórí rẹ̀, 4.1 àti díẹ̀ ni mo kà lórí èyí. Nǹkan tí mítà sọ yìí kò tó láti mọ̀ bóyá bátìrì ṣì lágbára, nítorí náà a jẹ́ kí ọmọ náà bá a ṣeré títí ó fi ní òun fẹ́ sùn. Ó ṣeré pẹ́. Bátìrì tuntun, tí kò ní orúkọ kankan lára, mo ní kí Bàbá dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Kódà lórí bébà, rọ́bọ́ọ̀tì ṣì ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìnídìí, tó bá sì ti dúró, apá ọ̀tún ló máa ń yà sí. Ó jọ pé igun òsì iwájú ló ń kọ́kọ́ rí ọ̀gbun. Ọgbọ́n kan wà tí ẹnikẹ́ni lè lò nílé: ojú wa kò lè rí infrared, ṣùgbọ́n kámẹ́rà fóònù lè rí i. Kámẹ́rà iwájú ló sàn jù, torí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ẹ̀yìn ni wọ́n ti fi nǹkan dí infrared lọ́nà. Ẹ kọ́kọ́ fi rìmóòtù dán an wò, kí ẹ mọ̀ pé fóònù yín ń rí i. A pa iná pálọ̀, mo dojú rọ́bọ́ọ̀tì délẹ̀, mo gbé kámẹ́rà sókè ikùn rẹ̀. Iná mẹ́rin yọ lójú fóònù, wọ́n pupa lọ́nà tó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò, wọ́n ń ṣẹ́jú. Mẹ́ta mọ́ kedere. Ti igun òsì iwájú ṣókùnkùn, ó rí wúruwùru.

Eruku ni. Oṣù kìíní la wà, ọyẹ́ sì mú janjan. Eruku ọyẹ́ wa níbí ń ti ọ̀nà jíjìn wá, láti aṣálẹ̀, àgàgà láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ó kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ihò tí kò lè wọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé Abuja mọ ohun tí mò ń wí: ẹ nu tábìlì láàárọ̀, ní ọ̀sán ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sórí rẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì tí ikùn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kó o. Lára ti ọmọ yìí, ọ̀rá ọwọ́ tún ti bá eruku náà pọ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ ojú sẹ́ńsọ̀ pẹ́típẹ́tí, bóyá láti ìgbà tí wọ́n tú u.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku rẹ̀ kúrò ná, torí bí èèyàn bá fi nǹkan tútù kàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ńṣe ni eruku á di ẹrẹ̀, á sì ha ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi òwú ìnutí kan sípíríìtì tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò, mo nù ún fẹ́ẹ́rẹ́. A tún gbé kámẹ́rà sí i. Ó mọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò mọ́ tó àwọn mẹ́ta yòókù, mo sì rí ìdí rẹ̀ nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ìlà kan fà kọjá lójú rẹ̀, bí ẹni pé orí tọnafáìsì ló yọ̀ tó fi hà á.

A ń bá a lọ láti fi oríṣiríṣi nǹkan dán rọ́bọ́ọ̀tì wò. Màmá tẹ́ ìborùn rẹ̀ dúdú sílẹ̀, ó ní ká wò ó. Gbogbo wa ló rò pé á kọ̀. Ó rìn kọjá láìbẹ̀rù! Ohun tó fà á ni pé dúdú tí ojú wa ń rí kì í ṣe dúdú lójú infrared nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ aró tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró máa ń gbé iná tí à ń rí mì, wọ́n á sì dá infrared padà dáadáa. Nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán sọ pé ibí ni rọ́bọ́ọ̀tì á ti rìn, ibí kọ́. Rọ́bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi.

Ẹni tó bá ní rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbálẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn án. Láti 2002 ni iRobot ti gbé Roomba jáde, ó pẹ́ tí àwọn tó ní kápẹ́ẹ̀tì dúdú ti ń sọ pé tiwọn máa ń dúró lójú kan, ohun tó ń fà á kò yàtọ̀. Àwọn kan ń lẹ bébà funfun mọ́ sẹ́ńsọ̀ náà kó lè máa rò pé ilẹ̀ wà níbi gbogbo. Bí ilé kò bá ní àtẹ̀gùn, tí ẹ̀rọ náà kì í kúrò nílẹ̀, mo lè gbà. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú ti orí tábìlì láéláé.

Ọmọ náà tún ní rọ́bọ́ọ̀tì kì í dá òun lóhùn mọ́ bí òun bá bi í ní ìbéèrè. Ìyẹn kò gbà wá lákòókò. Hotspot fóònù Bàbá, ìyẹn Wi-Fi tí fóònù ń pín, ni wọ́n so ó mọ́, fóònù tuntun sì ni, 5 GHz ni wọ́n tò ó sí, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré báyìí, 2.4 GHz nìkan ni wọ́n gbọ́. A yí i padà, ó dáhùn.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn ló mú ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ́kàn mi wá. Ọmọ Bàbá pè láti Kánádà, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní òun fẹ́ ra òmíràn ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ní Ìlọrin, kí n sọ èyí tó dára. Mo ní kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọpọlọ rẹ̀ wà. Rírìn rọ́bọ́ọ̀tì yìí wà nínú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ, kọ̀ǹpútà àwọn tó ṣe é, lókè òkun, ló ti ń wá. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà yẹn, ó parí. Kì í ṣe àròsọ. Jibo, rọ́bọ́ọ̀tì kan tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nínú ilé, gba owó lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ láti 2014, ó dé ọjà ní 2017 ní dọ́là 899, nígbà tó sì di 2019 òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún àwọn tó ni ín pé wọ́n fẹ́ pa kọ̀ǹpútà tó ń mú òun ṣiṣẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì jó. Ọdún 2019 yẹn náà ni Anki kógbá sílé. Ilé iṣẹ́ mìíràn ní Pittsburgh, Digital Dream Labs, ló ra ohun tó kù. Ní oṣù kejìlá 2024, ilé iṣẹ́ Embodied tó ṣe rọ́bọ́ọ̀tì Moxie fún àwọn ọmọdé ní àwọn ń ti ilẹ̀kùn, àwọn òbí tó ti san dọ́là 799 sì ń wá bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ wọn.

Ẹ wá wo AIBO ti Sony, rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe bí ajá. Ọdún 1999 ni wọ́n gbé e jáde, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2006, wọ́n sì dáwọ́ títún un ṣe dúró ní 2014. Síbẹ̀ àwọn ẹnjiníà tó ti kúrò ní Sony ń tún un ṣe ní Japan, wọ́n ń yọ ẹ̀yà ara èyí tó ti kú fún èyí tó ṣì ń mí, ní tẹ́ńpìlì Kofukuji ní Chiba, wọ́n tún máa ń ṣe ìsìn ìdágbére fún àwọn tó kú náà kí wọ́n tó tú wọn. Ọpọlọ ajá yẹn wà nínú ara rẹ̀. Èyí tí ọpọlọ rẹ̀ bá wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ wa ní Abuja àti Kano lè tún un ṣe. Èyí tí tirẹ̀ bá wà lókè òkun, kò sí ohun tí tọnafáìsì lè ṣe sí i. Mo sọ fún ọmọ Bàbá pé kó ra èyí tó ṣì ń ṣeré bí wọ́n bá pa Wi-Fi, bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò tilẹ̀ dán tó ti òmíràn.

Bàbá kò gbà kí wọ́n gbé gíláàsì rẹ̀ kúrò ní pálọ̀. Ó ní òun ò ní torí rọ́bọ́ọ̀tì sọ pálọ̀ òun di kíláàsì. Màmá gé aṣọ rọ́bà funfun tó ṣẹ́kù, ọmọ náà ń tẹ́ ẹ sórí rẹ̀ bó bá fẹ́ ṣeré, á sì ká a bó bá ṣe tán. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ikùn rọ́bọ́ọ̀tì kó tó tàn án, ní gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá wà. Ẹnjiníà dá ìdajì owó bátìrì padà. Sẹ́ńsọ̀ igun òsì iwájú ṣì ń ṣì í mú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ìlà tó fà sójú rẹ̀ yẹn. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá irú rẹ̀ láti Ṣáínà, bó bá dé, màá lọ pààrọ̀ rẹ̀.